Ohùn Tí Tónìkì Sọ́fà Kò Rí Kọ

Nínú àpótí pákó tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní ilé wa ní Ọ̀tà, ìwé kan wà tí eku ti jẹ igun rẹ̀. Bàbá mi ló ń darí akọrin ìjọ wa kí èmi tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, orin ìbílẹ̀ tó fi bírò kọ ní tónìkì sọ́fà (lẹ́tà d, r, m tó dúró fún ohùn orin) ló sì kún inú ìwé náà. Ọ̀kan nínú wọn ni orin tí ìyá mi máa ń kọ tó bá ń yan gàrí. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń tọ ipasẹ̀ orin yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fà á: "ìyá".

Bàbá mi kọ ọ́ sílẹ̀ ní d, m. Dò, mí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí dùùrù, ẹ ò ní rí àṣìṣe kankan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ohùn rẹ̀ kì í fò láti ìsàlẹ̀ bọ́ sókè. Ilẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, yóò wá rọra yọ́ gòkè, bí ìgbà tí onígángan bá ń fún ọṣán ìlù rẹ̀ mọ́ abíyá díẹ̀díẹ̀. Ẹ pe ọ̀rọ̀ náà síta níbi tí ẹ jókòó sí, ẹ ó gbọ́ ọ. Dùùrù ò ní ibi tí èèyàn lè tẹ̀ fún un, sọ́fà ò sì ní àmì rẹ̀.

Nílé wa, orin ìjọ yòówù tó bá ti ní ohùn ìbílẹ̀, "orin Kútì" là ń pè é, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́kọ́ wá orin ìyá mi. Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti ni wọ́n ń wí, ọmọ Ìgbẹ́ìn ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n bí ní 1855. Kí irú orin tirẹ̀ tó gbilẹ̀, orin òyìnbó tí wọ́n túmọ̀ ni ìjọ ń kọ, ohùn òyìnbó náà ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Ìyà ńlá lèyí fi jẹ èdè wa. Bí ohùn orin bá gòkè níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, ọkọ̀ tí à ń wọ̀ di ọkọ́ tí à ń fi ro oko, ìjọ á sì máa kọ ọ́ lọ tọkàntọkàn. Kútì yí i padà: ọ̀rọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́, ó sì jẹ́ kí ohùn tẹ̀ lé e. Ó ṣiṣẹ́ àlùfáà ní agbègbè Ìfọ̀, tí kò jìnnà sí wa ní Ọ̀tà. Isaac Delano, tó kọ ìwé ìtàn ayé rẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1942, ọmọ Òkènlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìfọ̀ ni.

Ní 1922, Kútì wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì kọ orin tó lé ní 40 sínú àwo fún ilé iṣẹ́ Zonophone, ohùn rẹ̀ àti dùùrù. Àwo ìgbà yẹn ń yí nígbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan rẹ̀ kì í gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó sì ń fọ́ bí àwo tánńganran. Mo rí ẹ̀dà díẹ̀ gbọ́ lórí fóònù, lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ òru ní ilé iṣẹ́ tí a ti ń ṣe ìṣó. Mo jáde síta kí ariwo ẹ̀rọ má baà bo ohùn bàbá náà. Ọkàn mi rọ̀. Orin ìyá mi ò sí nínú èyí tí mo gbọ́.

Mo wá tú Ìwé Orin Mímọ́, níbi tí àfikún orin ìbílẹ̀ tí Kútì kó jọ wà lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ló wà níbẹ̀, kò sí ohùn. Èyí tó là mí lójú jù ni ìwé T.K.E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Máríńà l'Ékòó láti 1914 títí di 1962. Ní 1953 ló gbé ìwé Yoruba Music jáde, tó fi ṣàlàyé bí orin wa ṣe ń ti inú ọ̀rọ̀ sísọ jáde.

Àwọn ará Ireland náà mọ wàhálà ohùn tí ìwé ò lè kọ. Francis O'Neill, ọ̀gá ọlọ́pàá Chicago, tẹ orin wọn 1,850 sínú ìwé ní 1903, ṣùgbọ́n ìwé ò lè sọ bí ọwọ́ onífàólíìnì ṣe ń yí ohùn ká. Nígbà tí àwo onífàólíìnì Michael Coleman bẹ̀rẹ̀ sí í ti New York wọlé ní àwọn ọdún 1920, ọ̀pọ̀ olórin ilé pa ọ̀nà àdúgbò wọn tì, wọ́n ń ta bíi tirẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n má kábàámọ̀ púpọ̀ mọ́ pé mi ò rí àwo orin wa.

Ìyá àgbà kan ní Adó-Odò, tó ti lé ní 80 ọdún, ló wá kọ orin ìyá mi fún mi lóde àgbàlá rẹ̀. Nígbà tó dé ibi "ìyá", ohùn rẹ̀ yọ́ gòkè. Mo ní, "Ìyá, ta ló kọ́ yín?" Ó ní, "Ta ni yóò kọ́ mi? Ẹnu ìyá tó bí mi ni mo ti gbọ́ ọ."

Mo délé, mo mú bírò pupa, mo fa ìlà tó tẹ̀ kọdọrọ láti d dé m nínú ìwé bàbá mi. Bẹ́ẹ̀ ni akọrin wa ṣe ń kọ ọ́ báyìí.

Ẹ̀yin tí àwo àtijọ́ àti ìwé sọ́fà wà nínú àpótí yín, ẹ má sun wọ́n. Bí ìyá àgbà bá sì wà nílé, ẹ gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kó kọrin lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ náà mọ́ ọn.