Àfàlá ará Òṣoògùn

Ní Mopa ní ilẹ̀ Yàgbà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú Yorùbá yòókù, obìnrin tí ó bá ti ibòmíràn wá kì í pẹ́ di ẹni tí a ń fi orúkọ ìlú rẹ̀ pè. Ìyá Ìlọrin ni. Ìyá Adó ni. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ a jẹ oúnjẹ rẹ̀, wọn a sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ títí wọn ó fi dàgbà, ṣùgbọ́n bí a bá bi wọ́n léèrè orúkọ tí baba rẹ̀ sọ ọ́, wọn a máa wo ojú ara wọn.

Bí ó bá jẹ́ pé ọkọ ni ó gbé e wá, àtúnṣe ṣì wà, nítorí pé àwọn ará ilé rẹ̀ wà ní ibi tí a ti lè bi wọ́n. Ti ẹni tí ogun kó lọ ni ó le jù. Ní ìdajì kejì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn Nupe ti Bídà jẹ gàba lórí ilẹ̀ Òkun, wọ́n ń gba ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n sì ń kó ènìyàn lẹ́rú, títí àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company fi ṣẹ́gun Bídà ní January 1897. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, àwọn ará Yàgbà ti dé Freetown. Nígbà tí S. W. Koelle, àlùfáà ọmọ Jámánì, tẹ ìwé rẹ̀ Polyglotta Africana jáde ní 1854, èdè Yàgbà, ti Ìjùmú àti ti Ọ̀wọrọ̀ wà nínú ohun tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a dá nídè níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni Koelle ń wá. Ìtàn àwọn ìyá wọn kọ́ ni iṣẹ́ tirẹ̀.

Nínú àwọn ìyá tí ogun ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn fọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, Àfàlá ará Òṣoògùn wà lára àwọn díẹ̀ tí a lè tọ ipasẹ̀ wọn, nítorí pé ọmọ rẹ̀ di ọ̀mọ̀wé. Àjàyí ni ọmọ náà, ẹni tí ayé mọ̀ sí Samuel Ajayi Crowther. Ìdílé Aláàfin Abíọ́dún ni wọ́n máa ń sọ pé Àfàlá ti ṣẹ̀ wá. Ní 1821, agbo ogun tí àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá wà nínú rẹ̀ fọ́ Òṣoògùn. Ọkọ Àfàlá ní kí wọ́n sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Wọn kò tún rí i mọ́. Wọ́n mú Àfàlá pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀, títí kan ọmọ ọwọ́ tí kò tí ì pé ọdún kan, wọ́n sì fi okùn so wọ́n pọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn. Níbẹ̀ ni a ti pín wọn. Wọ́n fi Àjàyí dí ẹṣin kan. Ó tún rí ìyá rẹ̀ ní ìlú kan lẹ́yìn èyí, wọ́n sì wà ní ìtòsí ara wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta kí a tó tún tà á. Ọkọ̀ àwọn Potogí gbé e ní Èkó ní April 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní June ọdún náà.

Ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìtàn ti ń bá ọmọ lọ nìyí, tí wọ́n sì ń fi ìyá sílẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni Àfàlá fi wà láàyè láìmọ̀ bóyá Àjàyí kú tàbí ó yè. Ní August 1846, Crowther, tí ó ti di àlùfáà, dé Abẹ́òkúta. Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó débẹ̀ tí Àfàlá gbọ́ òkìkí rẹ̀. Ìyá ni ó wá ọmọ lọ: ní 21 August, òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ kan dé ẹnu ọ̀nà Crowther. Ó ti rù. Nígbà tí ó rí i, ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀.

Ohun tí ó tẹ̀lé e ni ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè kíyè sí. Crowther kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́ rẹ̀ pé bí ìyá òun ti di òun lọ́wọ́ mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun ní àwọn orúkọ tí ìyá àgbà òun máa ń pe òun, ìyá àgbà tí ó ti kú sí oko ẹrú. Ó jọ pé oríkì ni. Ogun kò rí ọ̀rọ̀ ẹnu yìí kó lọ. Ṣùgbọ́n Crowther kò kọ àwọn orúkọ náà síbẹ̀. Ẹni tí ó ti tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, tí ó tún fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1852! A kò lè dá a lẹ́bi púpọ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ẹgbẹ́ CMS ní Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ka ìwé ìròyìn náà, oríkì ọmọ Òṣoògùn kò sì lè ta létí wọn.

Àfàlá di ará ilé ọmọ rẹ̀, láàárín àwọn ọmọ-ọmọ tí a bí ní Freetown, tí wọn kò rí i rí. Òun ni ó wá di àjèjì tí ó ń kọ́ àṣà ilé. Ní 5 February 1848 ó ṣe ìrìbọmi, a sì sọ ọ́ ní Hannah, orúkọ ìyá Samuẹli inú Bíbélì. Orúkọ náà bá a mu. Síbẹ̀ ipò ìyá ọmọ ni ó wà fún, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo Àfàlá mọ́lẹ̀ nínú àwọn ìwé ìjọ.

Ó pẹ́ láyé. Ó rí i tí ọmọ rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Ní November ọdún náà ni Abigail, ọmọ-ọmọ rẹ̀, bí Herbert Macaulay ní Èkó. Èkó náà ni Àfàlá kú sí ní October 1883, nígbà tí wọ́n ní ó ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Herbert ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọmọ ọdún 19 nígbà náà. Ó ti dàgbà tó láti gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyẹn lẹ́nu rẹ̀.