Láti Yábà dé Ọ̀wọ̀: Bí Ìmọ̀ Kòkòrò Àìfojúrí Ṣe Súnmọ́ Aláìsàn

Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, pàkí á kún etí títì ní Arimogija àti káàkiri Ọ̀sẹ́ àti Ọ̀wọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, wọ́n á sá a sí oòrùn. Bí ilẹ̀ bá ṣú, eku á jáde, á jẹ nínú rẹ̀, á sì tọ̀ sí i. Irú eku kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Mastomys natalensis ló ń gbé kòkòrò ibà Lassa kiri. Ibà náà kì í pa eku; èèyàn ló ń pa.

Leeuwenhoek ló kọ́kọ́ fi awò rí kòkòrò àìfojúrí. Pasteur àti Koch ló fi hàn pé wọ́n ń fa àrùn. Ìyẹn kò ṣàjèjì. Ohun tí ó kàn wá jù ni èyí tí ó kéré débi pé awò wọn kò lè rí i: fáírọ́ọ̀sì. Ní 1925, àjọ Rockefeller rán àwọn oníwádìí wá sí Yábà láti wá ohun tó ń fa ibà apọ́njú. Ní 1927, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára Asibi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Gold Coast (Ghana òde òní), wọ́n gún un fún ọ̀bọ tí wọ́n kó wá láti Íńdíà. Asibi yè, ọ̀bọ kú. Wọ́n sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà nínú asẹ́ tí bakitéríà kò lè gbà kọjá, síbẹ̀ ó ṣì ń ranni: fáírọ́ọ̀sì ni. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú wọn, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó lọ́dún yẹn. Láti inú ẹ̀jẹ̀ Asibi ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára 17D ní 1937, òun náà la ṣì ń gbà títí dòní. Ó dùn mí pé a kì í kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ Asibi.

Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ibà Lassa náà. Ní 1969, nọ́ọ̀sì Laura Wine ṣàìsàn ní ìlú Lassa, ó sì kú ní Jọ́ọ̀sì. Charlotte Shaw tó tọ́jú rẹ̀ fi ìka nu ẹnu rẹ̀. Ẹ̀gún òdòdó ti gún ìka náà tẹ́lẹ̀. Òun náà kú. Penny Pinneo ni ẹni kẹta. Wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú gbé e lọ sí New York, ó sì yè. Yunifásítì Yale ni wọ́n ti dá fáírọ́ọ̀sì náà mọ̀. Nígbà tí Jordi Casals tó ń ṣe iṣẹ́ náà kó o, omi inú ẹ̀jẹ̀ Pinneo ni wọ́n fà sí i lára. Ó yè. Juan Roman tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì kan náà kò yè.

Ẹ wo bí ọ̀nà ti jìn tó: aláìsàn wà ní Nàìjíríà, àyẹ̀wò wà ní Amẹ́ríkà. Láti nǹkan bí 2008 ni ilé ìwòsàn Irrua ní Ẹdó, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn onímọ̀ Hamburg, ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fúnra rẹ̀. Láàárín 2018 sí 2020, ìwádìí LASCOPE ní ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ (FMC) Ọ̀wọ̀ tẹ̀lé 510 aláìsàn tí àyẹ̀wò fìdí Lassa múlẹ̀ lára wọn. 62 kú, ìyẹn bí 12 nínú 100.

Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1986, láti Sàró, fi hàn pé ògùn ribavirin ṣiṣẹ́ jù bí aláìsàn Lassa bá rí i gbà láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ àìsàn rẹ̀. Nínú ọjọ́ mẹ́fà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ Arimogija ṣì máa ń ra ògùn ibà lọ́dọ̀ oníkẹ́míìsì, nítorí ẹ̀fọ́rí àti ara gbígbóná ni Lassa náà fi ń bẹ̀rẹ̀.