Òfin àti Igbó Gbíngbìn

Ilẹ̀ àgbẹ̀ ni Òkè-Ògùn, níbi tí Àgọ́-Àrẹ wà. Iṣu, àgbàdo àti ọkà bàbà ń ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè náà sì ti gbin tábà fún ilé-iṣẹ́ sìgá. Èéfín ni tábà àti igbó ń di lẹ́nu amusìgá. Ṣùgbọ́n owó ni ti àkọ́kọ́ mú wá, ẹ̀wọ̀n ni ti èkejì. Òfin ni ó fa ìyàtọ̀ náà.

Ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti Íńdíà àti Bọ́mà bọ̀ lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni wọ́n mú irúgbìn igbó wọ Nàìjíríà. Ní ọdún 1966, ìjọba ológun gbé Òfin Nọ́mbà 19 jáde: ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ gbin igbó yóò kú, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 21. Ní ọdún 1975, wọ́n yọ ìdájọ́ ikú kúrò. Òfin tí ó dá àjọ NDLEA sílẹ̀ ní ọdún 1989 tún mú ẹ̀wọ̀n gbére wá fún ẹni tí ó bá gbìn ín.

Òfin wọ̀nyí kò ya oko ńlá sọ́tọ̀ kúrò lára ìkòkò kan ṣoṣo nínú yàrá. Ẹni tí ó rò pé ògiri ilé òun bo òun, gbíngbìn ni ó ṣe.

Síbẹ̀, wọ́n ṣì ń gbin igbó ní àwọn igbó kìjikìji Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù. Ìbẹ̀rù ikú kò fà á tu. Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé òfin líle nìkan kò tó. Irè oko tí ó tọ́ gbọ́dọ̀ lè bọ́ àgbẹ̀.