Irúgbìn Ọ̀fẹ́ Tí Àwọn Àgbẹ̀ Háítì Dáná Sun

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà ọdún 2010, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ fẹsẹ̀ rìn wọ ìlú Hinche, ní àárín gbùngbùn orílẹ̀-èdè Háítì. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, wọ́n dáná sun irúgbìn àgbàdo. Irúgbìn ọ̀fẹ́ ni o! Kò sì tíì pé oṣù márùn-ún tí ìmìtìtì ilẹ̀ pa èèyàn tó lé ní 200,000 níbẹ̀. Kí ló dé tí ẹni tí ebi ń pa yóò fi sun ohun tí wọ́n fi ta á lọ́rẹ? Inú ìtàn la ti máa rí ìdáhùn.

Àwọn ẹrú ló dá Háítì sílẹ̀. Wọ́n bá Faransé jagun, wọ́n sì gba òmìnira ní 1804. Àwọn tí wọ́n ń pè ní Nagò, ìran Yorùbá tiwa, wà lára wọn. Oko ìrèké olówó wọn ni wọ́n ti jìyà, nítorí náà, oko kékeré tara ẹni ni kálukú ń fẹ́, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pàṣẹ fún un. Lójú wọn, oko ẹni àti òmìnira, ọ̀kan náà ni.

Ìrànwọ́ ló wá ń tú oko náà ká. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nítorí àrùn, ìjọba Háítì àti Amẹ́ríkà ní kí wọ́n pa gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ ìbílẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ yìí sì ni báńkì mẹ̀kúnnù: òun ni wọ́n ń tà san owó ilé-ìwé ọmọ. Èyí tí wọ́n kó wá láti Amẹ́ríkà dípò rẹ̀, oúnjẹ olówó gọbọi ló ń jẹ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ò lè sìn ín.

Ó wá kan ìrẹsì. Tẹ́lẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ìrẹsì tí wọ́n ń jẹ ní Háítì, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń gbìn ín, pàápàá ní àfonífojì odò Artibonite. Àwọn tó ń yá ìjọba lówó ní kí wọ́n ṣí ibodè. Nígbà tó fi máa di 1995, owó ibodè orí ìrẹsì ti já wálẹ̀ sí ìdá 3 péré nínú 100. Ìrẹsì Amẹ́ríkà, tí ìjọba wọn ń fi owó ti àwọn tó ń gbìn ín lẹ́yìn, wá ya wọ ọjà. Àwọn ará ibẹ̀ sọ ọ́ ní ìrẹsì Miami. Ó pọ́ọ́kú lóòótọ́, àmọ́ àgbẹ̀ Artibonite ò rí ọjà tà mọ́. Ní oṣù Kẹta 2010, Bill Clinton, ààrẹ Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀, jẹ́wọ́ níwájú ìgbìmọ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ pé ètò náà lè ṣe àgbẹ̀ Arkansas láǹfààní, ṣùgbọ́n kò dáa fún Háítì.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìyẹn ni irúgbìn dé. Ilé-iṣẹ́ Monsanto lóun máa fún Háítì ní 475 tọ́ọ̀nù irúgbìn àgbàdo àti ẹ̀fọ́, kò sì sí májẹ̀mú kankan ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n irúgbìn àmúlùmálà ni. Bí àgbẹ̀ bá tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó sì gbìn ín lọ́dún tó tẹ̀lé e, kì í ṣe dáadáa bíi ti ìyá rẹ̀. Àfi kó lọ ra òmíràn. Ọdún kìíní jẹ́ ọ̀fẹ́, ọdún kejì ńkọ́?

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ Papaye, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1973, tí Chavannes Jean-Baptiste jẹ́ olórí rẹ̀, ló wà nídìí ìwọ́de náà. Bí wọ́n ṣe ń sun irúgbìn àlejò, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pín àgbàdo ìbílẹ̀ fún èrò. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe ìwà wèrè?

Ohun tí wọ́n ń jà fún ti lórúkọ tipẹ́. Ní 1996, ní ìlú Róòmù, La Vía Campesina, ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ àgbáyé, gbé ohun tí a lè pè ní àṣẹ lórí oúnjẹ ẹni kalẹ̀: pé àwọn tó ń gbìn àti àwọn tó ń jẹ ni kó máa pinnu ohun tí wọn yóò gbìn àti bí wọn yóò ṣe gbìn ín. Ní oṣù Kejìlá 2018, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìkéde ẹ̀tọ́ àwọn àgbẹ̀, ẹ̀tọ́ sí irúgbìn sì wà nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbọ́dọ̀ dúró de ẹlòmíràn kó tó lè gbin àgbàdo ọdún tó ń bọ̀, ebi ò tíì kúrò nílé rẹ̀.