Ọ̀nà Ìsẹ́yìn sí Ṣakí: Bí Ará Òkè Ṣe Di Ará Etí Títì

Títì tó kúrò ní Ìsẹ́yìn ń gba Ìpàpó, Òtu, Òkaakà, Tedé àti Àgọ́-Àrẹ kó tó wọ Ṣakí. Ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Oko iṣu, àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ọkà bàbà wà lọ́tùn-ún lósì, àpáta sì ń yọrí lókèèrè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìdí àpáta báwọ̀nyí, tàbí orí wọn gan-an, ni ọ̀pọ̀ ará Òkè-Ògùn, agbègbè tí títì yìí gbà kọjá, fi ṣe ilé.

Nígbà tí Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ Scotland, gba Ṣakí kọjá lọ sí Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, Aláàfin ṣì wà lórí ìtẹ́ níbẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí Ọ̀yọ́-Ilé fi dahoro. Ogun Ìlọrin ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ti Dàhòmì láti ẹ̀gbẹ́ kejì, òkè ló sì gba àwọn ènìyàn là. Ará Adó-Àwáyé ń bẹ lórí àpáta wọn, níbi tí adágún Ìyákẹ́ wà títí dòní. Ní Òkèihò, àwọn ìletò tí ogun ń lé kó ara wọn jọ sáàárín òkè, wọ́n di ìlú kan.

Ogun tán, ṣùgbọ́n Òkèihò kò tètè sọ̀kalẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 1916, òun àti Ìsẹ́yìn dìde sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ètò kóòtù tuntun, tó gba agbára lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìjòyè wọn, wà lára ohun tó bí wọn nínú. Ọnjọ, ọba Òkèihò, fúnra rẹ̀ bá rògbòdìyàn náà lọ. Sójà tẹ ọ̀tẹ̀ náà rì, nígbà tó sì di 1917, ìjọba kó ará ìlú kúrò lórí òkè wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí wọ́n wà lónìí. Ìyà gbáà ni, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìdàgbàsókè.

Ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, oko gbòòrò. Iléeṣẹ́ Nigerian Tobacco Company mú kí àgbẹ̀ Ìsẹ́yìn, Òkèihò àti Àgọ́-Àrẹ máa gbin tábà fún títà. Wọ́n á so ewé rẹ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n á fi kọ́ sínú ilé gíga, wọ́n á sì máa dáná sí i tọ̀sán-tòru títí yóò fi pọ́n. Igi tí iná yẹn jẹ kò kéré. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tó bá ń ṣán oko kì í fọwọ́ kan igi emi àti igi igbá, nítorí lára wọn ni àwọn obìnrin ti ń rí òrí àti irú. Ìdí nìyẹn tí igi ńlá fi ń dá dúró láàárín ebè iṣu.

Ẹni tó bá ń gba títì yìí, kó yà sí Òkèihò, kó ní kí àgbà kan mú òun dé ahoro orí òkè, nígbà tí àwọn tó mọ ojúlé kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ṣì wà láyé.