Láti Ìdẹ́rùbà sí Àánú: Ìtàn Agbára Sinimá Oògùn Olóró Lórí Ọkàn Òǹwòran

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Òwe yìí jẹ́ ká mọ ìdí tí àwọn tó ń kìlọ̀ nípa oògùn olóró fi tètè sá di sinimá. Ọ̀rọ̀ ẹnu lè gba etí kan wọlé kí ó gba èkejì jáde, ṣùgbọ́n ohun tí ojú rí kì í tètè kúrò lọ́kàn. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwádìí tí ìjọba orílẹ̀-èdè Nàìjíríà àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2019 fi hàn pé nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 14.3, tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan ṣáájú ìwádìí náà. Nínú gbogbo ẹkùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ilẹ̀ àwa Yorùbá, ni ìdá náà ti ga jù: 22.4 nínú 100.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ìtàn àwọn sinimá tó dá lórí oògùn olóró yẹ̀ wò, pàápàá ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, láti mọ ohun tó mú kí àwọn kan máa mi ọkàn òǹwòran títí dòní nígbà tí àwọn mìíràn ti di ohun ẹ̀rín. Aristotle, onímọ̀ ilẹ̀ Gíríìkì àtijọ́, sọ pé eré oníbànújẹ́ máa ń ru nǹkan méjì sókè nínú òǹwòran: ìbẹ̀rù àti àánú. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé sinimá tó gbára lé ìbẹ̀rù nìkan kì í tọ́jọ́. Èyí tó bá jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ẹni tí oògùn ń jẹ run gẹ́gẹ́ bí ọmọ ènìyàn, tí ó sì sọ òtítọ́ nípa ohun tó ń ṣe é, ló ń pẹ́ lọ́kàn. A ó parí ọ̀rọ̀ wa pẹ̀lú ohun tí olùkọ́ lè rí kọ́ níbẹ̀.

Ìbẹ̀rẹ̀ Pẹ̀pẹ̀: Láàárín Ẹ̀rín àti Ẹkún

Sinimá kò tíì ní ohùn nígbà tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa oògùn. Ní ọdún 1912, D. W. Griffith ṣe eré kúkurú kan tí ó pè ní For His Son. Nínú rẹ̀, dókítà kan ń wá owó tí ọmọ rẹ̀ yóò fi jayé. Ó po kokéènì mọ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ó sì gbé e sọ́jà. Ọjà tà, owó wọlé, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó torí rẹ̀ ṣe òwò náà di ẹni tí kò lè ṣe kí ó má mu ún, ó sì ti ibẹ̀ kú. Eérú ń tọ ẹni tó dà á. Eré yìí kò dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńlá. Ìfẹ́ bàbá sí ọmọ ni ó fi gbé ìbànújẹ́ rẹ̀ ró.

Síbẹ̀, ojú kan náà kọ́ ni gbogbo ènìyàn fi wo ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 1916, Douglas Fairbanks ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú eré àwàdà kan, The Mystery of the Leaping Fish. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yìí a máa gún ara rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ kokéènì léraléra, àwọn òǹwòran a sì máa rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń pa ọmọ ènìyàn nínú eré kan ti di ohun àwàdà nínú òmíràn, láàárín ọdún mẹ́rin péré.

Ikú kan ló yí ẹ̀rín náà padà. Wallace Reid jẹ́ òṣèré tí gbogbo Amẹ́ríkà fẹ́ràn. Ní ọdún 1919, ó fara pa nínú ìjàǹbá ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì fún un ní mọfíìnì kí ó lè máa bá iṣẹ́ lọ. Oògùn tí a fi pa ìrora di bárakú. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 1923, Reid kú ní ẹni ọdún 31. Kí ọdún náà tó parí, ìyàwó rẹ̀, Dorothy Davenport, ti gbé sinimá Human Wreckage jáde, òun fúnra rẹ̀ sì kópa nínú rẹ̀. A kò mọ ibi tí ẹ̀dà kankan wà lónìí, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ nínú ìtàn ṣe kókó. Àwọn tó lọ wò ó mọ̀ pé opó ló ń bá wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ ẹni tí ó ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀.

Ìgbà Ìdákẹ́ àti Ìgbà Ìdẹ́rùbà

Ní ọdún 1930, àwọn ilé-iṣẹ́ sinimá Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin kan tó sọ ohun tí a lè fi hàn àti ohun tí a kò gbọdọ̀ fi hàn. Láti ọdún 1934 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un, oògùn olóró sì wà lára ohun tí ó kà léèwọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá pa ẹnu mọ́. Àwọn aṣesinimá kéékèèké tí kò sí lábẹ́ òfin náà ló gba àyè tó ṣófo.

Èyí tó lókìkí jù nínú iṣẹ́ wọn ni Reefer Madness, tí Louis Gasnier darí ní ọdún 1936. Igbó ni wọ́n fi í kìlọ̀ nípa rẹ̀. Nínú eré náà, àwọn ọ̀dọ́ mu igbó, kíá ni wọ́n di apànìyàn, aṣèṣekúṣe àti wèrè. Kò sí ẹni tí a mọ̀ dunjú láàárín wọn. A kò mọ ohun tí wọ́n ń lépa láyé tàbí ohun tí ó ń dùn wọ́n. Èéfín ṣáà jáde lẹ́nu wọn, ìparun sì dé.

Ní ọdún 1972, àwọn tó ń jà kí ìjọba Amẹ́ríkà yí òfin igbó padà rí ẹ̀dà sinimá yìí, wọ́n rà á, wọ́n sì ń gbé e káàkiri yunifásítì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ohun tí a ṣe láti fi dẹ́kun igbó di irinṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ kí òfin fàyè gbà á. Irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kì í ṣe pé igbó kò ní ewu kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó bá ti rí i pé olùkìlọ̀ purọ́ fún òun nípa ohun kan kò ní gbà á gbọ́ mọ́ nípa ohun mìíràn, kódà bí ó bá ń sọ òtítọ́. Àdánù ńlá tí ìdẹ́rùbà onírọ́ máa ń fà nìyí.

Ọdún 1955: Àánú Gba Ipò

Otto Preminger ló fọ́ ìdákẹ́ náà. Ní ọdún 1955, ó gbé The Man with the Golden Arm jáde, láti inú ìwé ìtàn àròsọ tí Nelson Algren kọ ní ọdún 1949. Àwọn alábòójútó òfin kọ̀ láti fi òǹtẹ̀ lù ú, ilé-iṣẹ́ United Artists sì gbé e jáde láìní òǹtẹ̀. Ènìyàn rọ́ lọ wò ó. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún òfin náà ṣe, wọ́n sì fàyè gba oògùn olóró gẹ́gẹ́ bí ohun tí sinimá lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Frank Sinatra ni ó ṣe Frankie Machine, ẹni tí ó padà sí àdúgbò rẹ̀ ní Chicago lẹ́yìn tí ó ti jáwọ́ nínú hẹroíìnì. Ó fẹ́ di onílù. Ìyàwó rẹ̀ ń díbọ́n bí arọ kí ó má baà fi òun sílẹ̀, ẹni tó ń ta oògùn fún un tẹ́lẹ̀ sì ń ṣọ́ ọ. Kí Frankie tó tún gba abẹ́rẹ́, a ti ń gbàdúrà fún un lọ́kàn wa. Nígbà tí ó gbà á, Preminger sún àwòrán mọ́ ojú rẹ̀ títí ó fi jẹ́ pé ẹyinjú rẹ̀ nìkan ni a ń rí. Abẹ́rẹ́ kọ́ ni a ń wò mọ́, ènìyàn ni.

Sinimá yìí ní àbùkù tirẹ̀. Frankie ti ara rẹ̀ mọ́lé, ó jẹ ìrora, ó sì jáde bí ẹni tó ti bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni bárakú kì í tètè tú ènìyàn sílẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ Yorùbá náà fúnra rẹ̀ wúwo: ó ń tọ́ka sí ohun tó ti wọnú ara débi pé ó dà bí ẹni pé ikú nìkan ló lè yà wọ́n. Ìtúsílẹ̀ lè wá, ṣùgbọ́n ìṣubú àti ìdìde pọ̀ lójú ọ̀nà.

Láti Ọdún 1971 sí 2000: Òtítọ́ Láìsí Ìdáhùn Ìrọ̀rùn

Àwọn tó wá lẹ́yìn kọ́ láti má ṣe fi ìdáhùn ìrọ̀rùn tan òǹwòran. Nínú The Panic in Needle Park tí Jerry Schatzberg darí ní ọdún 1971, Helen kì í lo oògùn nígbà tí ó pàdé Bobby ní New York. Ìfẹ́ ló mú un wọ ọ̀nà náà. Níkẹyìn, ó fi Bobby lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Síbẹ̀, ọjọ́ tí Bobby jáde lẹ́wọ̀n, Helen ló dúró dè é, àwọn méjèèjì sì jọ ń rìn lọ. Kò sí orin abẹ́lẹ̀ kankan nínú eré náà. Ariwo ìgboro nìkan ni a ń gbọ́, kò sì sí ohun tó ń sọ fún wa ìgbà tó yẹ ká sunkún. Kitty Winn, tó ṣe Helen, gba ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tó dára jù ní Cannes lọ́dún náà.

Ní Jámánì, Uli Edel gbé Christiane F. jáde ní ọdún 1981, láti inú ìtàn ọmọbìnrin kan ní Ìwọ̀-Oòrùn Berlin tí hẹroíìnì mú láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọmọdé gan-an ni Edel wá láti ṣe ọmọbìnrin náà. Ìyẹn ló mú kí ó ṣòro fún òbí kan láti wò ó kí ó sì sọ pé ti ọmọ onílé kejì ni.

Darren Aronofsky gba ọ̀nà mìíràn nínú Requiem for a Dream ní ọdún 2000. Bí Schatzberg ṣe yọ orin kúrò, bẹ́ẹ̀ ni Aronofsky fi orin tí Clint Mansell kọ gún òǹwòran lọ́kàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní gbogbo ìgbà tí ẹnikẹ́ni bá lo oògùn, àwọn àwòrán kéékèèké kan náà a sáré kọjá títí ojú òǹwòran fi mọ̀ wọ́n, tí òun náà fi ń retí wọn. Ṣùgbọ́n Sara Goldfarb, opó tí Ellen Burstyn ṣe, ló dunni jù. Ìyá àgbà yìí kò bá jàǹdùkú rìn. Ó gbọ́ pé wọ́n lè gbé òun sórí tẹlifíṣàn, ó sì fẹ́ wọ aṣọ pupa kan tí kò gbà á mọ́. Dókítà ló kọ oògùn tí ń múni fọn fún un. Òǹwòran tó ti rò pé àwọn ọmọ asùnta nìkan ni oògùn ń bá jà rí ìyá ara rẹ̀ níwájú.

Ewu Tó Wà Nínú Agbára Yìí

Agbára tó ń múni ṣàánú lè múni ṣe àfarawé pẹ̀lú. Nígbà tí Trainspotting, tí Danny Boyle darí, jáde ní ọdún 1996, ìyárasáré orin rẹ̀ àti àwàdà inú rẹ̀ mú kí àwọn kan fẹ̀sùn kàn án pé ó ń ṣe hẹroíìnì lọ́ṣọ̀ọ́. Bob Dole, tó ń díje fún ipò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún náà, bá a wí ní gbangba, láìtíì wò ó. Ẹni tó wò ó mọ̀ pé ọmọ ọwọ́ kan kú nínú rẹ̀ nítorí àìbìkítà àwọn tó yẹ kí ó tọ́jú rẹ̀. Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ fọwọ́ rọ́ ẹ̀sùn náà sẹ́yìn. Bí sinimá kò bá fi adùn tí olùlò ń wá hàn rárá, irọ́ ni yóò pa. Bí ó bá sì fi adùn nìkan hàn, ìpolówó ọjà ni.

Nílé Wa

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2018, BBC gbé Sweet Sweet Codeine jáde. Ruona Meyer ló ṣe ìwádìí rẹ̀, ó sì dá lórí òògùn ikọ́ olómi tó ní kódíìnì nínú, tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà ń mu bí ọtí. Kò sí òṣèré nínú rẹ̀. Àwọn tí a rí, títí kan àwọn tí wọ́n so mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ní àwọn ti ń tọ́jú wọn, ènìyàn gidi ni wọ́n. Lọ́jọ́ kejì gan-an, ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ìkówọlé kódíìnì fún òògùn ikọ́ mọ́, kí iṣẹ́ ṣíṣe irú òògùn bẹ́ẹ̀ sì dúró. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ìṣòro náà wà. Ojú ló rí ohun tí etí ti ń gbọ́.

Ẹ̀kọ́ fún Olùkọ́

Ìtàn yìí ní ohun mẹ́ta láti sọ fún olùkọ́. Èkíní, olùkọ́ kò gbọdọ̀ fi àsọdùn kìlọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ ẹni tó mu igbó tí kò ya wèrè yóò da gbogbo ìkìlọ̀ náà nù. Èkejì, ọ̀pọ̀ nínú àwọn sinimá tí a dárúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ti ọmọdé. Olùkọ́ ní láti kọ́kọ́ wò wọ́n fúnra rẹ̀, kí ó yan èyí tí ọjọ́ orí akẹ́kọ̀ọ́ gbà, tàbí kí ó kàn sọ ìtàn inú rẹ̀ fún wọn. Ẹ̀kẹta, ìjíròrò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìwòran. Kí a bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé: kí ni ẹni yìí ń wá kí oògùn tó dé? Ta ló lè ràn án lọ́wọ́? Nígbà wo ni ìrànlọ́wọ́ náà ì bá ti wúlò jù? Ìbéèrè báyìí ló ń sọ omijé di òye.

Ó ṣeé ṣe kí ọmọ tí bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń lo oògùn wà ní kíláàsì kan náà. Bí a bá fi ẹ̀rù àti ẹ̀gàn kọ́ wọn, ojú yóò ti ọmọ yẹn, yóò sì pa ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ mọ́ra. Bí a bá fi àánú kọ́ wọn, ó lè wá bá olùkọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́.

Ìgúnlẹ̀

A ti rí i pé láti ọdún 1912 títí di 2018, ohun kan náà ló ń fún sinimá oògùn olóró lágbára: ènìyàn tí a mọ̀, tí a fẹ́ràn, tí a sì rí bí ó ti ń bọ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀. Ìbẹ̀rù láìsí àánú di ẹ̀rín ní ogójì ọdún ó dín díẹ̀. Àánú tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí òtítọ́ mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tún òfin wọn ṣe ní 1956, ó sì mú ìjọba Nàìjíríà dìde láàárín ọjọ́ kan. Ẹni tí oògùn ń bá jà kò yé jẹ́ ọmọ ẹnìkan. Olùkọ́ tó bá ń rántí èyí yóò mọ irú sinimá tí yóò gbé wá sí kíláàsì, yóò sì mọ ohun tí yóò sọ nígbà tí eré bá parí.