Olè Tó Tú Àṣírí Olè: Ìtàn Ẹ̀dínkù Ìjìyà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Olè ló mọ ẹsẹ̀ olè tọ̀ lórí àpáta, àwọn ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti mọ èyí tipẹ́. Ó ti tó bí ẹgbẹ̀rin ọdún tí wọ́n ti ń bá ọ̀daràn dúnàádúrà pé kó tú àṣírí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ìyà tirẹ̀ lè fúyẹ́. Òwò náà kò dáwọ́ dúró rí. Ohun tó ń yí padà ni ẹni tó di òṣùwọ̀n mú, àti bóyá aráàlú ń rí i nígbà tó ń wọ̀n ọ́n.

Ní sẹ́ńtúrì kẹtàlá, ọ̀daràn tí ọwọ́ bà lè jẹ́wọ́ níwájú aláṣẹ ọba, kó sì dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ibi. Láti ọjọ́ náà, ọba ni yóò máa fún un ní pẹ́nì kan lójúmọ́ láti fi jẹun nínú ẹ̀wọ̀n. Bí ẹni tó dárúkọ bá sẹ́, wọ́n lè jọ wọ̀yá ìjà. Ní Winchester lọ́dún 1249, Walter Blowberme fẹ̀sùn olè kan Hamo le Stare. Hamo ní irọ́ ni, ó ní kí àwọn jà á. Akọ̀wé ilé ẹjọ́ kan ya ìjà náà sí etí ìwé ẹjọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní: ọkùnrin méjì kojú ara wọn, asà lọ́wọ́ kan, ọ̀pá olórí ìwo lọ́wọ́ kejì, Hamo sì ń rọ̀ dirodiro lórí igi lẹ́yìn wọn. Ká ní Walter ló ṣubú ni, òun ni wọn ì bá yẹgi fún. Ta ni kò ní parọ́ bí okùn bá ti kan ọrùn? Adájọ́ àgbà Matthew Hale, ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibi tí àṣà yìí ṣe àwọn ènìyàn rere ju oore rẹ̀ lọ.

Èyí tó rọ́pò rẹ̀ kò sàn jù ú lọ. Òfin ọdún 1692 ṣèlérí £40 fún ẹni tó bá mú adánilọ́nà tí ilé ẹjọ́ sì dá a lẹ́bi. Bí olè fúnra rẹ̀ bá sì jẹ́ kí wọ́n dá olè méjì mìíràn lẹ́bi, ìdáríjì di tirẹ̀. Jonathan Wild sọ èyí di ọjà. Àwọn olè ń jí ẹrù, òun ń tà á padà fún olówó rẹ̀. Olè tó bá yájú sí i, á fà á lé ìjọba lọ́wọ́, á sì gba £40 rẹ̀. Wọ́n yẹgi fún òun náà ní Tyburn lọ́dún 1725.

Ọdún 1775 ni ilé ẹjọ́ là á yé ènìyàn pé ẹni tó bá fẹ́ ojú àánú gbọ́dọ̀ tú gbogbo àpò rẹ̀. Margaret Caroline Rudd rò pé òun ti bọ́ nínú ẹ̀sùn ayédèrú ìwé owó nígbà tó kó bá àwọn ìbejì Perreau. Adájọ́ Mansfield ní kò sọ òótọ́ tán, kó lọ jẹ́jọ́ tirẹ̀. Àwọn júrì dá a sílẹ̀, wọ́n sì yẹgi fún àwọn ìbejì náà ní oṣù kìíní 1776. N ò mọ ẹjọ́ mìíràn tí òfin ti járe tó báyìí tí àbájáde rẹ̀ sì korò tó báyìí.

Lọ́dún 1973, Bertie Smalls, adigunjalè báǹkì ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé lọ́wọ́ ọ̀gá agbẹjọ́rò ìjọba pé kò ní lọ sẹ́wọ̀n rárá. Ó tú àṣírí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn náà fi orin sọ fún un nílé ẹjọ́ pé àwọn yóò tún pàdé. Ní 1975, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn bu ẹnu àtẹ́ lu àdéhùn náà. Láti ìgbà náà, atúàṣírí ń gba ẹ̀bi rẹ̀, ó sì ń ṣẹ̀wọ̀n, bó tilẹ̀ kéré: ní 1977 wọ́n gé ọdún mọ́kànlá àbọ̀ ọ̀kan nínú wọn sí márùn-ún. Àríwá Ireland kò kọ́gbọ́n. Níbẹ̀, níwájú adájọ́ tí kò ní júrì, ọ̀rọ̀ ẹnu atúàṣírí kan, Christopher Black, kó ọ̀pọ̀ ènìyàn sẹ́wọ̀n ní 1983. Ní 1986 ilé ẹjọ́ fagi lé ìdájọ́ méjìdínlógún nínú wọn.

Òfin ọdún 2005 ló wá gbé òwò náà wá sí ojútáyé. Àdéhùn gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Adájọ́ ní láti sọ ọ́ ní gbangba pé òun dín ìyà kù, àyàfi bí ìyẹn bá lè ṣe aráàlú níbi. Ẹni tó bá sì yẹ àdéhùn, wọ́n lè dá a padà wá jìyà rẹ̀ pé. Nínú ẹjọ́ Blackburn ní 2007, ilé ẹjọ́ fi iye sí ẹ̀dínkù náà: ìdajì sí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Ẹni tí ìbá ṣe ọdún méjìdínlógún, mẹ́fà sí mẹ́sàn-án ló kù fún un. Kí ẹ̀dínkù tó kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ọ̀ràn náà gbọ́dọ̀ ṣàrà ọ̀tọ̀ gidi. Ewu tó wà fún òun àti ìdílé rẹ̀ náà wà nínú ìṣirò.

Nàìjíríà náà ti ní tirẹ̀. Abala 270 òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti 2015 gbà kí agbẹjọ́rò ìjọba bá olùjẹ́jọ́ ṣàdéhùn bó bá ti ran ìwádìí lọ́wọ́ láti mú àwọn tí wọ́n jọ gbìmọ̀ pọ̀. Adájọ́ kò gbọdọ̀ bá wọn jókòó nínú ìdúnàádúrà, ṣùgbọ́n òun ni yóò bi olùjẹ́jọ́ bóyá tinútinú ló fi gbà. Bí adájọ́ bá sì ní ìyà tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ti kéré jù, olùjẹ́jọ́ lè fa àdéhùn rẹ̀ yọ, kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun níwájú adájọ́ mìíràn.